Apá Kejì Ìdánwò Raelynn

Ní ọdún tí Raelynn Tackett máa ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, wọ́n ti gbé e kúrò lórí ìwé, ó ti di ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Hensley, olùdámọ̀ràn tí ilé ẹ̀kọ́ méjì jọ ń lò, wá sí kíláàsì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹsàn-án láti sọ fún wọn. Ó ní ìdánwò náà ti kúrú sí i, ó ní ẹ̀rọ ìṣirò ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n má gbàgbé ṣájà nílé. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ń dúró dè é ní ilé ẹ̀kọ́ kejì lódìkejì òkè.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Raelynn. Kọ́lẹ́jì kan wà ní Lexington tó máa ń mú ọmọ kan lọ́dọọdún láti agbègbè wọn, ilé, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọmọ náà bá ti gba ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Ìdánwò oṣù Kejìlá ni ìgbẹ̀yìn tí wọ́n máa gbà. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ti ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ̀ jẹ́, orí àga ló ń sùn pẹ̀lú rọ́bà atẹ́gùn nímú. Bí Raelynn kò bá rí Lexington, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kù, níbi tí Rhonda ìyá rẹ̀ ti ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún méjìlá.

Ó yá ìwé ìdánwò àtijọ́ kan ní láíbìrì, ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó sì ṣe é tán lẹ́ẹ̀mejì. Colton, ọmọ Àǹtí Tonya ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí òun náà máa ṣe ìdánwò ọ̀hún, kò ṣí ìwé kankan. Inú igbó ló wà ní gbogbo oṣù Kọkànlá, ó ń dọdẹ àgbọ̀nrín.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Wọ́n ṣe kíkà, wọ́n ṣe ìṣirò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní apá méjì. Apá kìíní kò da Raelynn láàmú. Ó ń gbọ́ bí Colton ṣe ń mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apá kejì ṣí. Ìbéèrè tí kò rí irú rẹ̀ rí ló ń jáde, ọ̀kan ń le ju èkejì lọ. Ó ṣe èyí tó mọ̀, ó méfò èyí tí kò mọ̀. Colton ti parí, ó ti fẹ̀yìn ti àga.

Rhonda ló wá fi mọ́tò gbé wọn.

"Àǹtí Rhonda, ẹ bá mi yọ̀!" Colton kò tíì ti ilẹ̀kùn. "Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ni ìdánwò yẹn. Apá kejì gan-an, bí ẹní mumi ni!"

"Apá kejì?" Raelynn yíjú sí i. "Ó rọrùn fún ẹ?"

"Ìwọ tó ń fi ìwé ṣe ìrọ̀rí, kò rọrùn fún ẹ ni? Ha! Orí ò kúkú dọ́gba."

Raelynn bú sẹ́kún, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi délé.

Rhonda gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Yàrá kan náà la wà, Mọ́mì, ìdánwò kan náà la ṣe. Ohun tí Colton fi ń ṣeré ló pa mí. Kí lẹ fẹ́ ká pe ìyẹn?"

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Rhonda náà ti ṣe ìdánwò yìí rí, lórí ìwé, nígbà tí gbogbo èèyàn ń dáhùn ìbéèrè kan náà. Máàkì rẹ̀ kéré, ọkùnrin kan ní ọ́fíìsì kọ́lẹ́jì sì kà á sókè létí àwọn tó wà lórí ìlà.

"Láti ọjọ́ yẹn, n ò tún dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kankan mọ́," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Wọ́n ní èèyàn lè fagi lé máàkì rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i láé."

"Èmi náà ò ní rí i, Mọ́mì."

"Kí lo fẹ́ fi rí i ṣe, ọkọ mi?"

Lọ́jọ́rú, wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n kọ ìwé ìfagilé náà, Raelynn sì fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ilé ìwé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú. Ó mọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́, àwọn arúgbó sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe bá a mu dun Rhonda ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí èsì jáde, Tonya ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti wọ kọ́lẹ́jì. Ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́rùn-ún ni Colton gbà. Mọ́tò Tonya ti bàjẹ́, Rhonda àbúrò rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Hensley, ẹ̀rọ yín ti ya wèrè!" Tonya kò kí i. "Ọmọ tí ìdánwò rọrùn fún bí omi, òun lẹ fún ní ẹgbẹ̀rin?"

"Ẹ jókòó, mà."

"N ò jókòó! Ọmọ mi ò purọ́. Apá kejì yẹn, ó ní ojú lásán lòun fi ṣe é. Ẹ bi àbúrò mi, ó fetí ara ẹ̀ gbọ́."

Rhonda tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Torí pé ó ṣe apá kìíní tì ló ṣe rọrùn fún un, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Hensley dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, "ẹni tó bá ṣe apá kìíní dáadáa nìkan ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé apá kejì tó le fún."