Yàrá Onílẹ̀kùn Méjì

Ilé àlùfáà àtijọ́ tó wà nítòsí Woolwich Common ní àtẹ̀gùn méjì: èyí tó fẹ̀ wà fún àlùfáà àti àlejò, èyí tó há wà fún ọmọ ọ̀dọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, yàrá kan wà tó ní ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ṣí sínú ilé, èkejì ṣí síta, kí ẹni tí ìyà ń jẹ lè wọlé bá àlùfáà láì gba àárín ẹbí rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni Miss Rosaline, ọmọ àlùfáà tó gbé ilé náà kẹ́yìn, ń sùn, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gun àtẹ̀gùn kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n ta ilé náà, àwọn tó rà á fi ẹnu ṣèlérí fún un pé ibẹ̀ ni yóò kú sí.

Àpèkẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1993, bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Kenneth gbé òòlù dé. Ó ní àwọn onílé tuntun fẹ́ wó ògiri yàrá náà kí pálọ̀ lè fẹ̀, kí wọ́n gbé ìyá àgbà lọ sílé àwọn arúgbó. Ó fẹ́ tú àwòrán ilé fún Àpèkẹ́ wò. Àpèkẹ́ ní kó ká a, òun mọ ògiri tí wọ́n ń wí. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó.

“Ìwọ kọ́ lo nilé,” Kenneth sọ. “Carer lásán ni ẹ́.”

“Carer ni mí lóòótọ́. Àga tí mo jókòó lé yìí wúwo ju òòlù ẹ lọ.”

Kenneth lọ pè wọ́n lórí tẹlifóònù. Kó tó di ọ̀sán, olórí àwọn onílé tuntun dé fúnra rẹ̀. Kò pariwo. Ó bi Àpèkẹ́ bóyá ó ti jẹun. Àpèkẹ́ ní oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń bá òun fà. Ọkùnrin náà ní àwọn tó ń dúró de pálọ̀ yẹn pọ̀, wọn ò sì ríbi gba ara wọn sí.

“Ẹ gbọ́.” Àpèkẹ́ ò dìde. “Ẹni tó kọ́ ilé yìí ṣe ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí ìyà ń jẹ. Ẹ̀yin fẹ́ gba ilẹ̀kùn yẹn lé arúgbó jáde. Ẹ kọ́kọ́ wó èmi.”

Látorí ibùsùn, Miss Rosaline béèrè ta ló ń lọ.

“Kò sẹ́ni tó ń lọ, Mummy.”

Olórí náà wo ògiri, ó wo obìnrin orí àga. Ó ní kí Kenneth kó òòlù rẹ̀ nílẹ̀. Ògiri náà á dúró títí ìyá àgbà á fi lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ yẹn, Àpèkẹ́ bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó jókòó síwájú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí náà, wòlíì tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ kojú ìjọ wọn, àwọn onílé tuntun náà, tí Àpèkẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣíwájú wọn nínú ààwẹ̀ tí wọ́n fi tọrọ ilé náà lọ́wọ́ Ọlọ́run.