Obìnrin Tí Kò Parí Ọ̀rọ̀

Jẹ́-Ó-Parí ń máàkì.

Olùkọ́ èdè ní yunifásítì ni. Bí wọ́n ṣe ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ obìnrin lẹ́nu ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Ó ní kí kálukú kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé ẹ̀ nídìí oúnjẹ sílẹ̀, kó sì ka iye ìgbà tí wọ́n já a gbà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn ni kí wọ́n kọ síwèé, kì í ṣe orúkọ.

Ìyàwó inú iṣẹ́ tó ń máàkì lọ́wọ́ yìí lanu nígbà ogún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí ọ̀rọ̀ sọ parí.

Ó fi bírò pupa kọ ọ́: "Ta ló fi àgádágodo sí obìnrin yìí lẹ́nu?"

Ó ṣíwèé sí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn wà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, níbi iṣẹ́ lónìí..."

"Gbé omi wá."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nísàlẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin, tóun náà wà ní kíláàsì ẹ̀, kọ ọ́ pé: "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó rántí omi náà dáadáa.

Kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́.