Tíṣà Aserúgbìn

Ahun ni Ọládèjì Àjàyí, tíṣà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìrèlé-Èkìtì, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ahun tó là á mọ́lẹ̀ pé òun kò ní fún ni sàn, torí olúwarẹ̀ yóò wá ibòmíràn lọ. Ti Ọládèjì ló burú: a rẹ́rìn-ín síni, a fúnni, ohun tó fúnni kò sì ní wúlò. Ìwà yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìhà Ìkọ̀lé fi ń ṣe ẹ̀rín.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Tannápòṣó, òdòdó tó máa ń là ní ìrọ̀lẹ́, wà níwájú ilé rẹ̀ bó ti wà níwájú ilé gbogbo ènìyàn. A máa ga dé àyà, a máa wó dí ọ̀nà, òjò a sì ti rọ̀ kánrin kó tó là. Lọ́dún 1997, Ọládèjì rí ẹyọ kan tí kò ju orúnkún lọ, tó ti là nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ ewé. Ó fi ìyẹ́ adìyẹ mú lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, ó fi kan èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára jù lọ nínú àgbàlá, ó sì fi ọ̀rá so ó kí kòkòrò má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí irúgbìn gbó, ó gbìn ín. Èyí tó ga, ó fà á tu. Èyí tó pẹ́ kó tó là, ó fà á tu. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́dọọdún, títí ó fi ní òdòdó kan tó kúrú, tó ṣù bí agbọ̀n, tó ń là bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti kan ilẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ewé a gbẹ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tó rí bí iṣu wà nílẹ̀, òjò mìíràn a sì jí i.

Àwọn tó ti Èkó wálé fún Àjíǹde a dúró yà fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n ń ti Òsì wá, wọ́n ń ti Ayébòdè wá, gbogbo wọn ń tọrọ irúgbìn. Ọládèjì rò ó pé bí òdòdó náà bá wà ní gbogbo àgbàlá, ta ni yóò tún yà sí tòun? Bí òun bá sì kọ̀, wọn á pe òun ní ahun. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó se irúgbìn lórí iná, ó sá a gbẹ, ó rọ ọ́ sínú agolo kan ní pálọ̀. Èyí tó dára, ó kó o sínú agolo Mílò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Irúgbìn tannápòṣó dúdú, ó le bí iyere, sísè kò hàn lára rẹ̀. Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ pàápàá rò pé irúgbìn kan náà ló wà nínú agolo méjèèjì.

Bí àwọn ènìyàn bá padà wá sọ pé kò hù, a mi orí tàánútàánú.

“Ilẹ̀ yín ni,” ni yóò wí. “Ilẹ̀ yín kò gba òdòdó.”

Wọn a sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ní Sátidé kan tí Ọládèjì lọ sí Adó, Màmá Ìrètí dé. Àgbàlagbà yìí ló ń tún àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní Ayébòdè, irúgbìn ló sì bá wá. Fúnmilọ́lá wo agolo pálọ̀, eruku ti bo inú rẹ̀. Ojú tì í láti fún àgbà ní irú ìyẹn. Ó gun àga, ó sọ agolo Mílò kalẹ̀, ó sì dà á tán sínú gèlè Màmá. Kí ọkọ rẹ̀ má baà bá agolo lófìfo, ó gbọn eruku ara ti pálọ̀ dànù, ó rọ ọ́ sínú Mílò. Kò rí i bí ọ̀rọ̀ tí à ń rò fún ọkọ, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òjò rọ̀ lárọ̀ọ̀dá. Omi títì ya wọ àgbàlá Ọládèjì, ó dúró síbẹ̀, nígbà tó sì fi máa fà, gbogbo gbòǹgbò ti jẹrà. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bínú. Ó rántí Mílò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣèlérí fún gbogbo ayé pé òun yóò gbé òdòdó òun lọ síbi àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ó gbin irúgbìn, ó bomi rin ín, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Kò hù. Ó fọwọ́ wa ilẹ̀ wò, ó tún bò ó. Kò hù náà ni.

Fúnmilọ́lá fẹ́ tù ú nínú. “Bàbá Ẹ̀bùn,” ló wí, “bóyá ilẹ̀ wa ni kò gba òdòdó.”

Ọládèjì tún bu omi lọ sídìí rẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn pé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfìfo, ó ti to àlàyé òjò sẹ́nu. Àfi bó ṣe rí èrò tó rọ̀gbà yí Màmá Ìrètí ká, tannápòṣó kúkúrú kún ìkòkò iwájú rẹ̀ fọ́fọ́.

“Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o,” ni Màmá wí. “Irúgbìn tí ìyàwó yín fún mi rèé. Gbogbo rẹ̀ ló hù.”

Àwọn ará Òsì wojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Òjó, béèrè ìdí tí tiwọn kò fi hù. Fúnmilọ́lá kò ní ẹ̀tàn nínú, ó ṣàlàyé pé ti pálọ̀ ni ọkọ òun máa ń fún wọn, pé ti orí kọ́bọ́ọ̀dù ni òun fún Màmá.

Òjó yíjú sí Ọládèjì. “Tíṣà, kí ló ṣe ti pálọ̀?”

Ọládèjì wo bàtà ara rẹ̀. Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò ó.

“Mo sè wọ́n ni,” ló wí.

Ẹ̀rín bẹ́, àwọn kan sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Màmá Ìrètí ló gba ẹ̀bùn ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pe òdòdó yẹn títí di òní. Ọládèjì náà gba orúkọ tirẹ̀, Tíṣà Aserúgbìn. Kí wọ́n tó túká, Màmá gbé ìkòkò kan, ó nà án sí i.

“Ẹ gbà, Tíṣà. A ò sè é.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, bí ẹ kò bá fẹ́ fúnni, ẹ sọ pé ẹ kò fúnni. Ìyẹn kò pani. Ẹ má gba ọpẹ́ lórí òkú irúgbìn. Ìbá ṣe pé Ọládèjì fún ẹnì kan ṣoṣo ní ojúlówó látọkàn wá, nígbà tí omi gba tirẹ̀, ì bá ti mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn pẹ̀lú ọlá. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun rere tí a bá pín káàkiri ni kì í parun mọ́ni lọ́wọ́.