Àpótí Tí Kò Kọjá Afárá

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nílé iṣẹ́ bàtà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè fún ìgbà kẹrin. Ìlà mọ́kànlélógójì ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Bí ìlà kan bá ṣì, wọ́n á dá ọkọ̀ padà láti orí afárá ẹnubodè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n sì fi ń dúró kí wọ́n tó tún rí ọjọ́ mìíràn gbà.

Kí orílẹ̀-èdè tó jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ fọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ a kó bàtà, a gba orí afárá kọjá, awakọ̀ a juwọ́ sí ẹni tó bá rí, ó parí. Ọdún kejì rèé tí ìyẹn ti dópin. Owó ẹnubodè gun orí bàtà, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń rà á ní òdìkejì sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgbọ̀n òṣìṣẹ́, ó ku mọ́kànlá. Akọ̀wé nìkan ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù náà. Kó tó di akọ̀wé, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Ẹrù ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí déètì lórí ìwé. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n ẹrù ló wà níbi tó yẹ kí iye rẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ńbà kan dín.

Ọ̀gá wọlé. Ìyá Abẹ́rẹ́, tó ń rán awọ, gbé ohùn sókè.

"Akọ̀wé! Ṣé orí ẹ ni kò gbé e ni, àbí ojú? Ìwé kan ṣoṣo! Ewúrẹ́ ilé wa ì bá ti mọ̀ ọ́n kọ."

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ ni kó o bẹ̀. Àwọn ọmọ mi tó fẹ́ jẹun ni kó o lọ bẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gba ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Bó ṣe kọjá tán, Ìyá Abẹ́rẹ́ po tíì, ó fi ṣúgà mẹ́ta sí i, ó gbé e ka iwájú Akọ̀wé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá jáde pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ó fa àga, ó jókòó ti Akọ̀wé.

"Lónìí, èmi fúnra mi ni mo máa kà á. Fọ́ọ̀mù ẹnì kan tó ti kọjá rèé, mo yá a. Àbúrò mi ti gbalé sílẹ̀ ní òdìkejì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òfìfo ló ń sanwó lé lórí. Bí ẹrù yìí bá ti kọjá báyìí, wàhálà fọ́ọ̀mù parí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá fi rúlà tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìlà kọkàndínlọ́gbọ̀n, ó dúró.

"Méje ló wà nínú èyí tí mo yá yìí. Kí ló dé tí tìẹ fi jẹ́ ọ̀kan?"

Akọ̀wé fa ìwé náà sọ́dọ̀.

"Méje ni, sà. Mo ṣì í kọ."

"O ò rí nǹkan bí?"

Akọ̀wé tún un kọ. Ọ̀gá ka ìyókù títí dé òpin. Kò sí àṣìṣe kankan mọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Awọ ń fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà sára àpótí ńlá onípákó. Ó ti ń gé awọ nílé iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí Ọ̀gá. Ó gbójú sókè wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wolẹ̀. Bàbá Awọ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

"Bàbá, ṣé ẹ ti parí?" Ọ̀gá bi í.

"Ó ku ẹyọ kan."

"Ẹ wò ó dáadáa o."

"Bí mo ṣe ń wò ó nìyí láti ogójì ọdún, ọmọ mi."

Ènìyàn mẹ́fà ló gbé àpótí náà sínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kánjú.

Bí ọkọ̀ ṣe lọ, iṣẹ́ dúró, bó ṣe máa ń dúró. Wọ́n gbálẹ̀. Ẹnì kan kán epo sínú irin ihò mẹ́rin tó wà nílẹ̀ láàárín yàrá, kó má baà dípẹtà. Wọ́n jókòó.

"Tó bá kọjá ńkọ́?" Ìyá Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Tó bá kọjá, ó kọjá náà nìyẹn," Bàbá Awọ dáhùn.

Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá, wọ́n ní fọ́ọ̀mù mọ́ lónìí o. Aṣọ́bodè ní òun ò rí èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àpótí ni kò bá ìwé mu. Mẹ́sàn-án ló kẹ́yìn nọ́ńbà inú ìwé, mẹ́fà ló kẹ́yìn tara àpótí. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀gá yíjú sí Bàbá Awọ. Bàbá Awọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ọjọ́ ogbó ni, ọmọ mi. Ojú ti ń tàn mí."

Ọ̀gá wo àpótí inú ọkọ̀.

"Ẹ gbé e padà," ó wí. "Ẹ máa bá èyí tó wà nílẹ̀ lọ." Ó wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n tú pákó àpótí náà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń gé awọ jáde, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, èyí tí Ọ̀gá fẹ́ kó lọ sí ilé iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ní òdìkejì afárá, níbi tí kò ti ní nílò fọ́ọ̀mù tàbí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Wọ́n gbé e lé orí ihò mẹ́rin náà, Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó fi ìdè irin àkọ́kọ́ dè é mọ́lẹ̀, Bàbá Awọ sì rọra sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́ pé, "Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, ìwọ ló kàn láti ṣe àṣìṣe."