Ọ̀tún Nìkan

Ní Abúlé Òkúta, mẹkáníìkì bọ́ sójú títì, ó dá mọ́tò nọ́ọ̀sì kan dúró.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tẹ́ ẹ fẹ́ kọjá ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ ò ṣe wọlé?"

"Apá òsì lẹ wà. Tí mo bá yà sósì, ṣáàfù ìdí táyà á máa ké kákáká. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀tún nìkan ni mò ń yà."

"Báwo lẹ ṣe ń dé ibi iṣẹ́ n'Ígbóbì?"

"Mo máa ń tètè jí."

Ẹ̀rín pa mẹkáníìkì. Ó ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó rọra yí ọwọ́ sósì.

Kákákákáká, gbàà!

Kíá ló dá ọwọ́ padà. Wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún.

"Àǹtí," ó ní, "aago mélòó gan-an lẹ máa ń jí?"