Ilẹ̀kùn Àwọn Aṣòfin

Ojú aṣòfin àti ti arẹwà kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò pápákọ̀ òfurufú, ọkàn aṣòfin sì yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Oṣù mẹ́ta ló ti ń sá fún ìwé ìpè kóòtù. Bó bá ti wọ bàálù báyìí, ó bọ́ nìyẹn.

Ó yan kọjá àwọn mẹ̀kúnnù tó ń bọ́ bàtà fún àyẹ̀wò, ó forí lé ilẹ̀kùn aṣòfin, níbi tí wọn kì í ti í yẹ ọlọ́lá wò.

Arẹwà ti dúró síbẹ̀.

"Olólùfẹ́, ta ló sọ fún ẹ pé ibí ni mo máa gbà?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin pé ibí ni kí aṣòfin máa gbà. Ẹ mà dín ìrìn kù fún àwa tí kóòtù ń rán níṣẹ́."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.