Ìwé Ọ̀gbàrá Láàrin Ìwé Oyin

Kò sí ìwé tó ń dé orí pẹpẹ nílé ìkàwé yunifásítì náà tí kò kọ́kọ́ gba yàrá ẹ̀yìn kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú lóǹtẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà, tí wọ́n sì ń lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọn kì í kà á. Wọ́n á wo àkọlé, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò fìrí, ó parí. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ìwé tí ọ̀rọ̀ wọn bá jọra gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé tó bá ṣìnà, ó kú nìyẹn, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá ìwé kan pàtó. Ibi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí ni wọ́n ń rìn lọ, wọ́n á sì fa èyí tí ọwọ́ wọ́n bá bà.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì ni igbákejì olórí yàrá náà. Lébẹ́ẹ̀lì tó bá wọ́ díẹ̀ kò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àga olórí ló ń wò. Àga náà ní ìrọ̀rí, ó wà lẹ́bàá fèrèsé, Màmá Yàrá Ẹ̀yìn ló sì jókòó lé e gbọin-gbọin bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Ọkọ Màmá yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kàwé nípa ọ̀gbàrá àti ilẹ̀ tí omi ń wọ́ lọ. Ó ń dupò olórí yunifásítì. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò ka iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí.

"Pépà lẹ ń lẹ̀," ló máa ń wí fún un ní gbangba. "Ọlọ́gbọ́n á kọ̀wé, ẹ̀yin á wá lẹ pépà mọ́ ọn nídìí."

Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Òmùgọ̀ ni Ojú Àwòdì kà á sí.

Lọ́jọ́ kan tó ń yẹ pẹpẹ àwọn ìwé oyin wò, ó rí ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ń dán. Ìwé ọ̀gbàrá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ni, èyí tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó dúró láàrin ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi èéfín lé oyin àti èyí tó dá lórí àrùn oyin. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò wọ́ rárá. Nọ́ńbà oyin ni wọ́n fún un, ọwọ́ Màmá ló sì kọ ọ́.

Ó gbé e sáré lọ bá Baba Onígọ́ọ̀mù, arúgbó tó ń tún ìwé tó ya ṣe.

"Baba, ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀gá yín. Ọ̀gbàrá ti di oyin!"

Baba wo ìwé, ó wo obìnrin náà, ó ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ inú gọ́ọ̀mù.

"Dá a padà síbi tó o ti rí i."

"Kí ló dé? Ṣé oyin ló wá ń wọ́ ilẹ̀ lọ báyìí ni?"

"Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Obìnrin yẹn kì í ṣèèṣì."

"Ẹ̀yin náà gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nìyẹn!"

"Èmi ò gba nǹkan kan. Gọ́ọ̀mù ni mò ń pò."

Ojú Àwòdì kò dá a padà. Ó fi lọ́fínńdà sára, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

"Ẹ má bínú o, sà. Ṣé ẹ ti wo ìwé yín nílé ìkàwé rí?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ wá lọ sínú eruku yẹn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta tilẹ̀ ló ń kàwé nílé ẹ̀kọ́ yìí?"

Nígbà tó gbọ́ ibi tí ìwé rẹ̀ wà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìlara ni! Obìnrin tó ń jẹun lórí orúkọ mi ló ń sin orúkọ mi. Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan olórí sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ kálukú." Ó na ìka sí i. "Gbé e síbi tó yẹ ẹ́, láàrin àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tí mo bá ti wọlé, ìwọ lo máa jókòó sórí àga yẹn."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro ó.

Òun fúnra rẹ̀ ló fún ìwé náà ní nọ́ńbà tuntun. Òun ló gbé e lọ síbi pẹpẹ ọ̀gbàrá, ó wá àyè fún un láàrin àwọn ògbólógbòó kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tì wọ́n kí wọ́n lè tò dọ́gba.

Kò pẹ́ tí Màmá rí i nínú kọ̀ǹpútà.

"Ta ló yí nọ́ńbà yìí padà?"

"Èmi ni, mà. Òfin lòfin."

"Ṣé ìwọ lo dá a rò, àbí ẹnì kan rán ẹ?"

"Ọkọ yín ló rán mi."

Ojú Àwòdì ń retí ariwo. Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Òun fúnra ẹ̀? Ó dáa. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ojú Àwòdì yínmú sí i. Lójú tirẹ̀, olè tí ọwọ́ tẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, Màmá dìde láti bá wọn lọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ juwọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ pépà."

Ojú Àwòdì ló ṣíwájú wọn, ó ń gbésẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Àgbàlagbà kan tó pá lórí, tó ti yunifásítì mìíràn wá, fa ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ. Ó yin èèpo rẹ̀. Ó ṣí i, ó kà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ìwé gbígbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Inú Ojú Àwòdì dùn; ó rò pé bí òun ṣe to pẹpẹ ló wu bàbá náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni bàbá náà wí láì gbójú sókè, "ẹ sún mọ́ bí."

Ìka ọ̀tún rẹ̀ ń tọ ìlà nínú ìwé tuntun, ìka òsì ń tọ ìlà nínú ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìka méjèèjì sì ń bá pàdé láti ojú ewé dé ojú ewé, títí ó fi dé ibi tí òǹkọ̀wé ìwé àtijọ́ náà, tó ti kú tipẹ́, ti dárúkọ ìyàwó rẹ̀ tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé láti yọ kúrò nínú tirẹ̀.